Ìdajì Ògiri Tó Kù

“Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kun ojú ọ̀run.”

Bí Alápàárá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìdí rẹ̀ ò tíì kan àga dáadáa. Ọ̀dọ́kùnrin agbaninímọ̀ràn tó jókòó níwájú rẹ̀ gbé ojú sókè wò ó, ó tún wo fèrèsé, bí ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò kó tó fèsì.

“Ọ̀run wo nìyẹn, sà?”

“Mélòó la ní? Èyí tó wà lókè orí wa yìí náà ni. Ó ti dọ̀tí gan-an nígbà náà. Òjò ti bó o lára, ẹyẹ ti yàgbẹ́ sí i káàkiri. Wọ́n wá akunlé títí, gbogbo akunlé tí wọ́n bá bá ní àyà àwọn ń já. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí èmi àti bọ̀ọ̀dá mi. A to àkàbà lé àkàbà títí tí ilé wa fi dà bíi páálí ìṣáná nísàlẹ̀. Èmi mú láti ibi tí oòrùn ti ń yọ dé àárín, bọ̀ọ̀dá mi mú láti àárín dé ibi tó ń wọ̀ sí. Tí ẹ bá rí i tí ìrọ̀lẹ́ pọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn. Ọ̀dà tó bá ń pariwo ló fẹ́ràn. Mo ní, ‘Bọ̀ọ̀dá, pupa yìí mà ti pọ̀ jù.’ Ó ní kí n dákẹ́, kí n dojú kọ ìdajì tèmi.”

Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́ bí ẹni tí wọ́n kọ́ pé kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ẹ̀rín bá gba imú rẹ̀ jáde. Nígbà tí Alápàárá fi máa dé ibi tí òṣùpá ti fara ra ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, tó jẹ́ pé àbààwọ́n ọjọ́ náà ló ṣì wà lójú rẹ̀ títí dòní, agbaninímọ̀ràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Tíṣù tí wọ́n gbé síbẹ̀ de àwọn tó bá wá sunkún, òun ló fi ń nu ojú.

Àsìkò wọn pé. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Alápàárá sọ̀kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò, kò sì lè yí i. Kì í ṣe pé kọ́kọ́rọ́ le. Ọwọ́ ni ò gbé. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé tí eṣinṣin bá bà lé e nímú, eṣinṣin fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu ìgbà tó bá wù ú láti lọ. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo, àfi fìlà kan tí ọ̀dà oríṣiríṣi ti gbẹ sí lára. Alápàárá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga yẹn. Ìyàwó tó gbé níyàwó gan-an, ẹ̀yìn ló ń wọ̀.

Akunlé ni. Àpárá tó ń dá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ló sọ ọ́ ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun àti bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń kunlé láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbé àkàbà méjì dúró, wọ́n á na pákó gígùn kan lé e lórí. Bọ̀ọ̀dá á dúró ní ìkángun ọ̀tún, Alápàárá á dúró ní ìkángun òsì, wọ́n á máa kun bọ̀ títí tí wọ́n á fi pàdé ara wọn láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé, àfi kó yá ojú àṣá.

Lórí pákó yẹn, Alápàárá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Á ní òun fi eyín fa ọkọ̀ ojú irin. Á ní ẹ̀fọn jẹ òun, ẹ̀fọn ọ̀hún sì wú. Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ kì í yíjú. Á rọra ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú garawa, á nu etí rẹ̀, á ní, “Irọ́ ni.” Ó parí. Kò sí ẹ̀rín, kò sí ìbínú. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, inú Alápàárá á tutù, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù lórí, á sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Nígbà tó ṣe, àìsàn mú bọ̀ọ̀dá. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Kò jáde mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Alápàárá pa gbogbo àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ lẹ́rìn-ín. Àwọn tó mú omi ojú wá láti ilé, wọ́n gbé e padà lọ sílé láìlò. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò ṣe àmín.

Ìgbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀ràn náà wá fojú hàn. Á gbé àkàbà méjì dúró, á na pákó, á gun ìkángun òsì, á kun ògiri dé àárín, á fà á gún régé. Lẹ́yìn náà á sọ̀kalẹ̀, á fọ búrọ́ọ̀ṣì, á máa palẹ̀ mọ́.

“Akunlé, ìyókù ńkọ́?”

“Ti bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn. Ó ń bọ̀.”

Ibi tó bá lọ, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí wọ́n bá kó ìdajì ògiri tí Alápàárá ti fi sílẹ̀ jọ, a ó rí i kọ́ ìlú mìíràn, a ó tún rí èyí tó ṣẹ́ kù fi yí ìlú náà ká. Nígbà tí àwọn onílé bá sì wá ẹni tí wọn yóò bá wí tí wọn ò rí, nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń pè.

Ìyàwó yìí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, níbi tí ooru ti ń ṣe ènìyàn bí ẹni tí wọ́n ń lọ̀. Bó bá ti ibẹ̀ dé, á tún jókòó ti fóònù, á máa bẹ àwọn onílé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ṣàkíyèsí pé obìnrin náà ń tòògbé lórí ìdúró ló bá a sọ ọ́ pé àwọn agbaninímọ̀ràn wà nítòsí ilé ìwòsàn, àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni lọ. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ lọ bá wọn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá bá a lára mu kó mú un, kó sì máa lọ bá a déédéé. Ó ní bàtà gan-an, èèyàn a máa wọ̀ ọ́ wò kó tó gbé e lọ sílé.

Bí Alápàárá ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin àkọ́kọ́ nìyẹn.

“Báwo ló ṣe rí?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà tó wọlé. Ó ń fọ abọ́, kò yíjú.

“Kò bá mi mu.”

“Kí ló ṣe yín?”

“Ó rẹ́rìn-ín.”

“Bàbá Ọmọ, ṣebí ẹ̀yin lẹ pa á lẹ́rìn-ín? Ajá àdúgbò yìí gan-an, tó bá ti rí yín á ti máa ṣí eyín sílẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí òun náà bá ń rẹ́rìn-ín, ta ló wá wà lẹ́nu iṣẹ́?”

Ìyàwó rẹ̀ da omi abọ́ nù.

Ẹnì kejì jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ funfun gbòò, tí àga rẹ̀ sì ń dún bíi pépéyẹ ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Alápàárá jókòó, ó ní, “Bàbá, èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kun ojú ọ̀run.”

“Ìyẹn dáa,” ni bàbá wí. “Èmi náà ń kọ́lé lọ́wọ́.”

Ó tán. Bàbá bọ́ sójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Ó sọ ti àwọn oníṣẹ́ òrùlé tí wọ́n sá lọ. Ó sọ ti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ní apá ibì kan. Ó wá kan ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ní kì í kí òun dáadáa, àfi kó kàn mi orí bí alángbá. Ibi tó dé nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Kí Alápàárá tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó ti di èjìká bàbá mú.

“Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Ẹ pè é sẹ́yìn ilé, ẹ bá a sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bóyá ẹ̀rù yín ló ń bà á.”

“O rò bẹ́ẹ̀?”

“Bàbá, èmi fúnra mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bàbá ìyàwó mi, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo wọ̀. Mo ń kí i láti inú ibẹ̀.”

Ara tu bàbá. Ó bá Alápàárá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń dúpẹ́. “Tí mo bá ti kan òrùlé, ìwọ ni wàá bá mi kun ilé náà. Kí o mú bọ̀ọ̀dá rẹ dání o, ẹni tó kun ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kí i.”

“Ó ń bọ̀, sà,” ni Alápàárá wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde wọ́ọ́rọ́ bí omi tó mọ ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìsàlẹ̀, kò mọ ibi tó gbé ọkọ̀ sí mọ́. Ó yí ilé náà po, ó tún yí i po, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọ̀hún láìmọye ìgbà, kò dá a mọ̀.

Nílé, ó gbìyànjú láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. “Ìyá Ọmọ, èmi ni mo gba agbaninímọ̀ràn nímọ̀ràn! Ó ní kí n máa padà bọ̀, pé ara ti ń tu òun.”

Ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀gbà tó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi forí lé tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, kò gbé orí ọ̀hún kúrò níbẹ̀. Àfìgbà tí fóònù dún.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ àgbà ni. Ohùn rẹ̀ ṣì lè mú kí kíláàsì kan dákẹ́ ní òdìkejì ìlú.

“Ìyàwó akunlé, ẹ kú ilé o. Pálọ̀ mi ṣì wà bó ṣe wà o. Àwọn àlejò ń bi mí bóyá èmi àti ará ilé kejì la jọ pín ògiri. Àbúrò mi obìnrin jókòó sí apá tó mọ́, ó ní kí ọkọ òun lọ jókòó sí ọ̀hún lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì là. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni bọ̀ọ̀dá yìí ń bọ̀?”

“Wọ́n ń bọ̀, mà,” ni ìyàwó Alápàárá wí. “Wọn ò ní pẹ́ dé.”

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó dúró bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹlòmíràn nínú yàrá. Alápàárá ń wò ó.

“O gbọ́ mi?” ló wí.

Ojoojúmọ́ ayé, “ẹ” ni obìnrin yìí fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá ti fi “ẹ” yẹn sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Alápàárá a máa wá ibi tí yóò fara pamọ́ sí.

“O gbọ́ ohun tí mo sọ? Mo ní wọ́n ń bọ̀. Èmi! Aṣọ ibùsùn tí bọ̀ọ̀dá dùbúlẹ̀ lé kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kó o wá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo ká a. Èmi yìí náà ni mo wá ń sọ fún ará ìta pé ó ń bọ̀. Irọ́ rẹ ti ràn mí.”

“Ìyá Ọmọ, wò ó, tí—”

“Má dá àpárá kankan. Ẹnì kan ló kù nínú àwọn tí nọ́ọ̀sì dárúkọ. Lọ́la ni. Èmi ni mo máa mú ọ lọ, n ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tí o bá tún jáde níbẹ̀ tó o ní kò bá ọ mu, tàbí pé o ti gba òun náà nímọ̀ràn, èmi àti ọmọ ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Àpò mi ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N ò bínú o. Ó ti rẹ̀ mí ni. Kí ìwọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ máa gbélé.”

Alápàárá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àpò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó wú bọ̀ọ̀, ọwọ́ ẹ̀wù ọmọ kan yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa fi pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín. Ó wá a débi gbogbo nínú orí rẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ jáde nítorí àtikùn.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n jọ lọ. Òun ló wakọ̀, fìlà bọ̀ọ̀dá wà lórí àga iwájú, ìyàwó wà lẹ́yìn láàárín àwọn garawa. Ilé náà jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Bí Alápàárá ṣe ń gun àtẹ̀gùn ibẹ̀, ó ṣe é bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gíga àtẹ̀gùn ọ̀hún kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àwọn oṣù tó tẹ̀lé ikú bọ̀ọ̀dá, bí ẹni tó ń sùn ló ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, bí ẹni tó ń sùn ló sì ṣe ń bọ̀. Ilé tó kùn ní àná, tí wọ́n bá fi hàn án lónìí, á ní ilé tó dára ni, ta ló ni ín?

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àpamọ́wọ́ lé itan. Alápàárá ti ilẹ̀kùn wọlé.

Obìnrin agbaninímọ̀ràn náà sanra díẹ̀, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, awò ojú rẹ̀ wà lára okùn ní ọrùn. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun tó dùn.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín.”

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

Alápàárá ò wo yàrá. Ilẹ̀kùn ló wò. Ẹni tó bá ń dá àpárá, ó yẹ kó mọ ibi tí yóò gbà jáde. Ó yan àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn, tó kẹ̀yìn sí ògiri, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lé tábìlì kékeré tó wà láàárín wọn. Obìnrin náà jókòó sí iwájú rẹ̀, ó dojú kọ ọ́.

“Èmi tí ẹ ń wò yìí, mà, èmi ni mo kun ojú ọ̀run.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì mú bírò. Alápàárá sún síwájú lórí àga. Ó sọ ti àkàbà lórí àkàbà. Ó sọ ti òṣùpá. Ó tún fi èyí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, pé garawa ọ̀dà kan jábọ́ láti òkè, pé inú òkun ló bọ́ sí, pé ẹ lọ wo àwọ̀ òkun, ẹ padà wá bi òun. Obìnrin náà ń gbọ́. Nígbà tó dákẹ́ kó lè mí, obìnrin náà béèrè pé:

“Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wà lókè yẹn, ta ló di àkàbà mú nísàlẹ̀?”

Gbogbo ọdún tí Alápàárá ti ń sọ ìtàn yìí, kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè iṣẹ́ rí.

“Bọ̀ọ̀dá mi ni.”

“Ẹ ní ó wà lókè, ó ń kun ìdajì tiẹ̀.”

“Ó… apá rẹ̀ gùn, mà. Ọwọ́ kan wà lókè, ọwọ́ kan wà nísàlẹ̀.”

“Hẹ̀n,” ni obìnrin náà wí. Ojú rẹ̀ kúrò lára Alápàárá, ó gba orí èjìká rẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, kó tó padà.

Èyí ká Alápàárá lára. Ẹni tó bá ń gbọ́ irọ́ rẹ̀ kì í wo ibòmíràn. Ó gbé ohùn sókè. Ó ní bọ̀ọ̀dá òun yẹn, ẹ má wulẹ̀ wò ó bẹ́ẹ̀ o, tó bá sín, àwọn akunlé ní ìlú kejì á máa rò pé òjò ń bọ̀, wọ́n á sáré kó garawa wọn wọlé. Ojú obìnrin náà tún kọjá lọ sẹ́yìn rẹ̀.

“Níbo ni bọ̀ọ̀dá yín wà báyìí, sà?”

“Ó wà nísàlẹ̀. Inú ọkọ̀. Ó ń sùn.”

“Ẹ̀ẹ́ṣe tí kò fi bá yín gòkè?”

“Kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn.”

“Akunlé tí kò fẹ́ràn òkè?”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Á wá tó bá jí.”

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò le ojú mọ́ ọn, kò sì rọ ohùn fún un. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń nu etí garawa.

“Irọ́ ni.”

Aago ara ògiri gan-an dà bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Alápàárá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún. Nǹkan kan tó ti le nínú àyà rẹ̀ láti ìgbà náà wá, tó le bí ọ̀dà tí wọ́n gbàgbé láti dé lórí, ó yẹ̀ díẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń ní “Alápàárá, o ò ní pa wá!” Wọ́n ń gbà á gbọ́, tàbí kí wọ́n ṣe bí ẹni pé àwọn gbà á gbọ́. Ẹnì kan péré tó máa ń dá a dúró, ó ti lọ.

Alápàárá ní, “Kí lẹ tiẹ̀ ń wò lẹ́yìn mi láti ìgbà tí mo ti dé, mà?”

“Ìdajì tó kù ni, sà.”

Alápàárá yíjú padà.

Ògiri ni. Láti ìkángun òsì dé àárín, ó mọ́, ó ń dán, àwọ̀ wàrà, kò sí ojú búrọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀ níbì kan. Láti àárín dé ìkángun ọ̀tún, ògiri àtijọ́ ni, ó ṣì ní àwọ̀ ewé tó ti gbẹ, ihò ìṣó wà lára rẹ̀, àmì ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù kan ti fara tì í rí náà ṣì wà níbẹ̀. Ìlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì gún bí ẹni pé wọ́n fi okùn ta á. Kò sí ẹni méjì tó ń fa ìlà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú. Alápàárá mọ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ìyá ṣe mọ igbe ọmọ.

“Yàrá ìkẹ́rùsí ni ibí nígbà tí ẹ kùn ún,” ni obìnrin náà wí. “Agbálẹ̀ wa ló sọ fún mi. Ó ní akunlé kan kun ìdajì, ó ní bọ̀ọ̀dá òun ń bọ̀ wá kun ìyókù, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n fẹ́ pe akunlé mìíràn. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní ó lẹ́ni tó ni ín.”

Ẹ̀yìn ni Alápàárá kọ sí obìnrin náà báyìí.

“Láti ìgbà náà, ibí ni mo ń jókòó sí, mo ń wò ó. Mo ń retí rẹ̀, sà. Kò wá.”

“Ó ní òun ń bọ̀,” ni Alápàárá wí.

Ohùn náà kéré, ó kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé tòun ni.

“Ó sọ fún yín?”

“Orí fóònù ni. Ó ti wà lórí ibùsùn nígbà náà. Mo ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, ‘Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́ fi ọgbọ́n sá fún iṣẹ́, n ó bá yín kun tiyín, màá sì bà á jẹ́.’ Ó ní, ‘Fi ìdajì tèmi sílẹ̀ fún mi o. Má fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀.’” “Mo ní, ‘Irọ́ ni.’ Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni mo fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Kì í rẹ́rìn-ín, mà. Ó rẹ́rìn-ín.”

Obìnrin náà ò sún síwájú, kò na tíṣù sí i. Alápàárá ń wo ìlà tó wà láàárín ògiri náà, etí ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti dúró, bí ẹni pé tó bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, búrọ́ọ̀ṣì kan á ti ọ̀hún bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ojú ti ń ta á. Ó gbìyànjú ìkẹyìn.

“Ó pẹ́ lójú ọ̀nà ni, mà. Ẹ mọ bí ojú ọ̀nà ṣe—”

“Irọ́ ni,” ni obìnrin náà wí, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Alápàárá dìde fùú. Àga ṣubú. Ó fi orúnkún gbá tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ gbé e dání lọ, ó sì já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fò dìde, àpamọ́wọ́ já lulẹ̀.

“Ó tún ti bà jẹ́! Bàbá Ọmọ! Kí lẹ sọ fún un? Kí ló dé ojú yín?”

“Ọ̀dà ló kó sí mi lójú!”

“Ọ̀dà? Ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti kunlé?”

Ó ti kọjá lára rẹ̀. Eré tó sá gba àtẹ̀gùn yẹn sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fo àtẹ̀gùn tó pọ̀ ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ara ògiri, ó ti ń ro àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé, ó ti ń ro bó ṣe máa gbé e, àárẹ̀ sì mú un kó tó gbé e rárá. Ìgbà náà ni ohùn ọkọ rẹ̀ ké láti ìsàlẹ̀, ohùn tó ti ya, tó ti rin:

“Ìyá Ọmọ! Òun ni! Obìnrin yẹn ló bá mi mu! Sọ fún un pé mò ń padà bọ̀! Sọ fún un pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, àkàbà ni mo ń lọ mú!”

Ìyàwó rẹ̀ wo agbaninímọ̀ràn tó ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Àwọn méjèèjì bá jọ rìn lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n wo ìsàlẹ̀.

Alápàárá ti dé òpópónà. Ó sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, àkàbà méjèèjì wà lórí ọkọ̀ ọ̀hún, pákó gígùn wà láàárín wọn, kò sì wo ibẹ̀.

“Bàbá Ọmọ!” ni ìyàwó rẹ̀ ké. “Àkàbà nìyí o! Ọkọ̀ nìyí!”

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó fi ọwọ́ kejì bo ojú tí omijé ti kún, ó sì ń sáré lọ.